Ìràwọ̀ Tí Mo Gbé Kọ́ Sójú Fèrèsé

Ìfàkò-Ìjàyè,
Agége.

Sìdíkátù Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Ara mi le. Mo fi ìyẹn ṣíwájú kí ojú rẹ tó sáré lọ sísàlẹ̀ ìwé. N kò dùbúlẹ̀, n kò sì fi àìsàn kankan pa mọ́ fún ọ. Orí àga ìyá rẹ ni mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí mo ṣe ń kọ èyí, oòrùn ọ̀sán ń gba àárín gíláàsì lúfà wọlé. Mo ti jẹ ẹ̀bà, mo sì jẹ ẹ́ tán. Tí o bá ti ka ibí yìí, lọ mu omi, kí o wá jókòó ka ìyókù, nítorí pé ó máa gùn.

Fáàsì rẹ dé sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ntà tó wà ní Dọ̀pẹ̀mú lánàá. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ní iná kò tí ì sí ní àdúgbò àwọn láti ìjelòó, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbà á ṣáájú. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un wá fún mi, ó sì ti kà á lọ́nà, torí pé bó ṣe kí mi, bí ẹni tó wá kí olóòkú ni. O kọ ọ́ pé: "Bàbá mi, mo ti gbọ́ nípa ẹ́síréè yín. Mo ń bọ̀ nílé. Mo máa kọ̀wé sí àwọn tó fi iṣẹ́ lọ̀ mí níbí lópin ọ̀sẹ̀ yìí pé n kò gbà á mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí." Àbẹ̀ní, gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ẹnì kan wà lókè òkun tó ń bẹ̀ mí pé kí n má tíì kú, èmi tí mò ń wá iyọ̀ ọbẹ̀ kiri inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ nígbà náà.

Mo tẹ̀lé obìnrin náà padà sí Dọ̀pẹ̀mú lójú ẹsẹ̀, mo ní kó bá mi fi èsì ránṣẹ́: "Ara mi le. Má kọ ìwé náà. Lẹ́tà ń bọ̀." Ẹ̀rọ náà ké, ìwé wọlé lápá kan, ó jáde lápá kejì, obìnrin náà ní ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pẹ́ jù kí n máa gba gbogbo èyí tó bá ṣáà ti ké gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí, tí n ó sì fi rán Kúdí, ọmọ Alhaja ìparí àdúgbò wa, tó ń wọ bàálù lọ́la. Ìlú kan náà lẹ wà, ó sì ṣèlérí pé òun á gbé e fún ọ fúnra òun kí òpin ọ̀sẹ̀ tó dé.

Jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣé o rántí àwòrán tí o fi sínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn, àwòrán ìràwọ̀ ńlá tó ti bú gbàmù láyé àtijọ́, tí èyí tó kù lára rẹ̀ ṣì ń gbóná lójú ọ̀run? Orí rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni o tẹ̀ ẹ́ sí, irú èyí tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. O ní òun lẹ fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ yín lára ògiri fún àwọn èèyàn. Mo gbé e sórí tábìlì, n kò rí i dáadáa. Mo gbé e sójú fèrèsé pálọ̀, oòrùn gba inú rẹ̀ wọlé, òrùka funfun náà bá yọ, etí rẹ̀ rí jákujàku bí ìgbà tí òwú bá fẹ́ já. Mo fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ lúfà níbẹ̀. Mo ní kí èmi náà máa rí ohun tí ọmọ mi ń rí.

Ó yẹ kí n rántí ibi tí mò ń gbé.

O mọ̀ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n o ṣì kéré nígbà náà. Ní ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà, ọdọọdún ni wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ ẹ́síréè wọ inú ọgbà. Gbogbo wa á bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, a ó tò, a ó fi àyà ti irin tútù, wọ́n á ní ká má mí. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí eruku òwú ti wọ inú èdọ̀fóró rẹ̀. Nígbà tí nǹkan ṣì rọ̀ṣọ̀mù, wọ́n á gbé onítọ̀hún kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ẹnu géètì, wọ́n á tún máa fún un ní mílíìkì. Nígbà tí ìjọba gbé ètò SAP dé, tí òwú di ọ̀wọ́n, tí wọ́n ń wá àwọn tí wọ́n máa dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹ́síréè yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣà wá. Ọ̀gá tó ń rí sí òṣìṣẹ́ á gbé fíìmù ẹni tó máa lọ kọ́ sójú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, kí dókítà lè rí i bó bá dé. Àwa náà á máa rí i láti ìta, nọ́ńbà wa wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà tirẹ̀, á lọ kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀, á máa lọ sílé. Àwọn mìíràn délé, wọn kò sì pẹ́ láyé. Láti Ìkẹjà títí dé Agége, kò sí ilé òṣìṣẹ́ tí wọn kò mọ ohun tí fíìmù dúdú ojú fèrèsé ń wí. Èmi náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ayọ̀ ló jẹ́ kí n gbàgbé.

Ìyá Bọ́lá tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa, ẹni tó ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé ìwé, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń sá aṣọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló gbé ẹ̀wà rírò wá fún mi, ó dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó ń wo ẹnu mi. Lọ́jọ́ kejì, bàbá tó ń tún rédíò ṣe wọlé wá, ẹni tí n kò rí láti ìgbà àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù tí ìyá rẹ máa ń bá ṣàdúrà wá, wọ́n jókòó kún pálọ̀, wọ́n ń béèrè bí mo ṣe sùn. Wọ́n bá mi gbálẹ̀. Wọ́n bá mi fọ kọ́tìnì. N kò mọ ohun tó dé. Mo rò pé bóyá àwọn èèyàn tún ti fẹ́ máa ṣe bíi tàtijọ́ ni. Inú mi dùn, Sìdí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo tiẹ̀ ra bisikíìtì sílẹ̀ de àlejò.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ni Alfa wá, Ìyá Bọ́lá àti àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ó ṣàdúrà lọ, ó ṣàdúrà bọ̀, ó wá dé ibi tó ti ní kí Ọlọ́run bá wa wo èdọ̀fóró ìránṣẹ́ Rẹ̀ yìí sàn.

Mo ní, "Àmín. Alfa, èdọ̀fóró ta ni?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá Sìdí, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i."

"Kí lẹ rí?"

Ó nawọ́ sí fèrèsé.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi, o sì mọ ikọ́ mi, ikọ́ òwú ọjọ́ pípẹ́, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í tètè lọ. Bí mo ṣe ń wúkọ́ lojú wọn ń korò sí i. Nígbà tí mo rí èémí mí, mo ní ìràwọ̀ ni, ọmọ mi ló fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ kan tó ń yí kiri lókè lọ́hùn-ún ló yà á. Ìyá Bọ́lá rọra di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rí i, kò sídìí ká máa pa á mọ́ra. Ilé ẹni nìyí. Wọ́n ṣì ń rí oògùn ẹ̀ ṣe nísinsìnyí."

"Ìyá Bọ́lá, ìràwọ̀ ni mo wí."

"Ẹ ṣé, sà. A ti gbọ́. Ìràwọ̀ ni."

Bó ṣe wí i yẹn, n kò lè ṣàlàyé kankan mọ́. Bí mo bá ṣe ń ṣàlàyé sí i ni wọ́n ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àyà, ó ti gòkè lọ sí orí.

Níbí ni Bàbá Làmídì ti wọ̀ ọ́. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń gbé ọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Ẹ̀rọ tirẹ̀ àti tèmi jọ dojú kọra ni ní gbogbo ọdún tí a fi hun aṣọ. Ariwo ṣẹ́ẹ̀dì, ilé onípáànù tí a ti ń hunṣọ, pọ̀ débi pé ohùn èèyàn kò wúlò níbẹ̀. Ètè la fi ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ la fi ń parí rẹ̀. Ó lè dúró lódìkejì ṣẹ́ẹ̀dì kó sọ fún mi pé ìyàwó òun bímọ, n ó sì gbọ́ ọ dáadáa láìsí ohùn kankan. Lónìí ariwo náà ti kó etí rẹ̀ lọ pátápátá, tèmi ṣẹ́ kù díẹ̀. Òun ló mú àpò lẹ́tà rẹ, tí nọ́ńbà fóònù rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gba Dọ̀pẹ̀mú lọ láìsọ fún mi. Àná, lẹ́yìn tí fáàsì rẹ dé, ló tó fi ìgbéraga ròyìn fún mi. Ó ní bí obìnrin yẹn ṣe ṣẹ́wọ́ sí òun pé wọ́n ti gbé e lọ́hùn-ún, òun pariwo sínú rẹ̀ pé, "Sìdí, Làmídì ni o! Fíìmù bàbá ẹ ti wà lójú fèrèsé! Àyà wọn ni o! Tètè máa bọ̀!" Ó gbé fóònù kalẹ̀.

Mo fi ètè bi í pé, "Kí ni Sìdí wá sọ?"

Ó tọ́ka sí etí ara rẹ̀.

Ọmọ mi, mo fojú inú wò ọ́ níbi tí o ti ń bi ìbéèrè sínú etí tí ẹ̀rọ ti gbé lọ. O dàgbà níbí, kò sídìí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ojú fèrèsé fún ọ. Jọ̀ọ́, má bínú sí i. Ẹ̀rù ló bà á, kò fẹ́ kí ó ku òun nìkan nínú àwa tí a jọ wà ní ìlà yẹn.

Ó dáa. Mo ti sọ bó ṣe jẹ́. Nísinsìnyí, gba ìmọ̀ràn bàbá rẹ, torí pé n kì í sábà kọ̀wé gígùn, bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, o mọ̀ pé n kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́: bí wọ́n bá sọ ohun tó bà ọ́ lẹ́rù fún ọ, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó rí i àti ibi tó ti rí i. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ, awakọ̀ tó ń kó pákó láti ìlú wa ní Ìjẹ̀bú sọ fún mi ní Agége pé ìyá mi kò lè dìde. N kò bi í ní ohunkóhun. Mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, n kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo dé, ìyá mi na ẹsẹ̀ kan sórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n fẹsẹ̀ gún ẹ̀gún lóko ni. Nígbà tí mo fi máa padà sí Ìkẹjà, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ mi fún ẹlòmíràn, mo sì ru ìdì aṣọ ní ilé ìkẹ́rùsí pẹ́ títí kí wọ́n tó tún rántí pé mo mọ iṣẹ́ kan. O gbọ́n jù mí lọ, ìwé rẹ pọ̀, ṣùgbọ́n o fẹ́ ṣe ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́. Ìtàn yẹn kò tíì tán, n ó padà sí i.

Ìkejì wá láti inú lẹ́tà tìrẹ. Mo ti kà á débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́ ya. O ní ẹ̀rọ ẹ́síréè ti ilé ìwòsàn máa ń ju ìtànṣán tirẹ̀ gba ara èèyàn kọjá, òjìji egungun ló wá ń mú bọ̀. O ní tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kì í ju nǹkan kan sí ìràwọ̀ náà. Ohun tó fọ́n káàkiri nígbà tó bú ló ṣì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ta ìtànṣán yẹn jáde fúnra rẹ̀, afẹ́fẹ́ ayé wa kò sì jẹ́ kó dé ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí awò tí ẹ fi ń wò ó fi ní láti wà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹ ó wá máa dúró. Ìtànṣán kan á dé, òmíràn á dé, ẹ ó máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ títí àwòrán á fi yọ. Mo gbádùn ibẹ̀ yẹn gan-an, torí pé bí a ṣe ń hun aṣọ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi ni kí o máa wò mí bí o ṣe ń wo ìràwọ̀. Má ṣe máa tan iná ilé ìwòsàn sí mi lára láti òkè òkun, kí o máa wá ibi tó bàjẹ́. Dúró de èyí tí mo bá fi ránṣẹ́ fúnra mi. Bí nǹkan kan bá ń ṣe mí, n ó sọ, mo fi ìyá rẹ búra.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé, jẹ́ kí n ṣáà máa lọ.

Máa jẹun dáadáa. O ní o máa ń jẹun nídìí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Jókòó síbi tí tábìlì wà, fi omi fọ ọwọ́. Máa wọ ìbọ̀sẹ̀, òtútù yẹn kò mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ́. Máa kírun rẹ, kódà bó jẹ́ kọ̀rọ̀ kan lọ́fíìsì lo ti máa ki í. Bí ọkùnrin kan bá ń wò ọ́ tí ìwọ náà ń wò ó, má ṣe bá mi sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, n kò ní lóye. Sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún mi kí n mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Èyí tó kù yìí ni mo ti ń yẹ̀ sílẹ̀ láti òwúrọ̀.

Kí fáàsì rẹ tó dé, nígbà tí n kò rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà, mo pe Làmídì, a jọ lọ ya ẹ́síréè àyà tèmi gan-an ní ilé ìwòsàn aládàáni kan l'Agége. Láyé SAP yìí, aláìsàn ló ń ra fíìmù dání lọ bá ẹ̀rọ, a kọ́kọ́ wá a kiri Ìkẹjà ná. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo fi àyà ti irin, wọ́n ní kí n má mí. Dókítà wò ó síwájú iná. Ó ní òwú àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀ lápá méjèèjì, kò kúrò, kò sì pọ̀ sí i. Ó ní kí n máa rìn dáadáa, kí n jìnnà sí èéfín. Mo gbé fíìmù náà bọ̀ wálé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ lúfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ, mo sì pe gbogbo wọn wá. Egungun ìhà mi nìyí lápá kan, ìràwọ̀ rẹ nìyí lápá kejì.

Ìyá Bọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Haa. Ẹ́síréè ojú ọ̀run ni Sìdí ń wò níbẹ̀ yẹn? Kí ló wá ń ṣe ọ̀run?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Làmídì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ti ìràwọ̀, ó wò ó pẹ́, ó wá yíjú sí mi, ó fi ètè bi mí pé, "Ta ló kù níbẹ̀?" Mo ní kò ku ẹnì kankan, ooru ló kù. Ó mi orí. Ó ní, "Bíi ṣẹ́ẹ̀dì wa." Lóòótọ́, bí o bá gba ibẹ̀ kọjá nísinsìnyí, páànù ló kù, koríko ti bo ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n bí aago méjì bá ti lù, àkókò tí fèrè ìpààrọ̀ iṣẹ́ máa ń dún, mo ṣì máa ń dìde kúrò lórí àga láìmọ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i pé n kò ní kú, kálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. N kò bá wọn wí. Ayé le, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n ń wá oúnjẹ fún. Ṣùgbọ́n ilé tún dá páropáro, bisikíìtì náà ṣì wà nínú agolo. Mo máa ń gbọ́ dídún aago ògiri. Mo máa ń pe ìyá rẹ kí n tó rántí. Nítorí náà, gbọ́ ọ láti ẹnu mi, má gbọ́ ọ lẹ́nu Làmídì: kò sí àìsàn tó ń ṣe mí, àìlẹ́nìkan ló ń ṣe mí. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, fíìmù kò sì lè mú èkejì. Àárò rẹ ń sọ mí, ó ń sọ mí gan-an ni.

Ìwọ náà ńkọ́? O fẹ́ fi ọgbọ́n gbé e kọjá nínú lẹ́tà rẹ, mo rí i. O ní o máa ń lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìsinmi nítorí pé yàrá rẹ dákẹ́ jù. Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ wà nínú ariwo kan náà, kó jẹ́ ẹni tí ó lè rí ètè rẹ kó mọ ohun tí o ń sọ. Bó ṣe Kúdí ni, kó jẹ́ Kúdí. Dáná lọ́jọ́ Sátidé kí o pe èèyàn wá jẹ ẹ́, kódà bí ọbẹ̀ náà kò bá dùn. Èmi náà á ṣe tèmi. Mo ti bá Làmídì sọ ọ́, á máa wá jẹun ọ̀sán níbí, kò sígbà tí a kì í rí ọ̀rọ̀ sọ, a kì í sì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Mo ní n ó padà sí ìtàn ìyá mi. Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ni ojú wọn nígbà tí mo wọ àgbàlá. Inú wọn dùn, Àbẹ̀ní. Wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n gbàgbé ẹ̀gún, wọ́n dìde. Wọn kò bi mí ní ohun kan nípa iṣẹ́. Wọ́n pa adìyẹ, wọ́n dá mi dúró lónìí, wọ́n dá mi dúró lọ́la, èmi náà dúró nítorí ojú yẹn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kan nínú àwa méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ mi ṣe lọ.

Bí o bá gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú kan náà ni n ó gbé kò ọ́. Mo mọ ara mi. N ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà ọ́, n kò ní bi ọ́ ní ìbéèrè kan nípa ìràwọ̀, o ó jókòó sórí àga yìí, a ó sì ká fíìmù rẹ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe èdọ̀fóró. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí o ṣì jìnnà, tí n kò tíì rí ojú rẹ: gba iṣẹ́ náà. Kọ̀wé sí wọn pé o gbà á. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìsinmi, kí o wá wò mí bí ọmọ ṣe ń wá wo bàbá rẹ̀, kí o sì padà.

Kúdí á fún ọ ní nǹkan kan tí mo ká sínú páìpù ike. Fíìmù àyà mi ni. O fi tìrẹ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà fi tèmi ránṣẹ́. Ìwọ tí o mọ̀ ọ́n wò, wò ó fúnra rẹ, kí ọkàn rẹ balẹ̀. Òwú tó wà nísàlẹ̀ yẹn, òun ni mo fi rán ọ níléèwé, má bẹ̀rù rẹ̀. Tìrẹ ṣì wà lójú fèrèsé níbí, n kò yọ ọ́, Alfa sì ti ń mú àlejò wá wò ó.

Gbé tèmi kọ́ sójú fèrèsé yàrá rẹ tó dákẹ́ yẹn, níbi tí oòrùn á ti gba inú rẹ̀ wọlé. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ bá wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé, tó rí i, tó bi ọ́ pé ìràwọ̀ wo nìyẹn, sọ fún un pé, "Bàbá mi ni."

Èmi ni, tí mò ń mí dáadáa,
Bàbá rẹ.